Ìwé Kan àti Ààbọ̀

Ẹ ti fura, nítorí náà kí n má wulẹ̀ fi pamọ́ fún yín: ọmọkùnrin tí gbogbo ilé ìwé wa ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ka ìwé. Ó ń gbé e ni. Ó ń gbé e sí abíyá ní òwúrọ̀, ó ń gbé e mọ́ àyà ní ọ̀sán, bí olùkọ́ bá sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á ṣí i sí àárín gbùngbùn, á wá máa mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó tún ní gíláàsì kan tí kò mú ohunkóhun tóbi, tí kò sì mú ohunkóhun kéré. Ojú rẹ̀ ríran ju ti àṣá lọ. Iyì ló ń tìtorí rẹ̀ wọ gíláàsì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìgbín. Ìgbín lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ka ìwé kan ṣoṣo. Bí ó bá dé ibi tó dùn, á padà sẹ́yìn lọ bá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá rẹ̀ ń di ìwé: ó ń rán bébà pọ̀, ó sì ń lẹ èèpo mọ́ ọn. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àbúrò mẹ́rin sì ń sáré yí tábìlì gọ́ọ̀mù po láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Níbo lèèyàn fẹ́ jókòó kàwé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀?

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ láíbìrì fi ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Lọ́dọọdún, kí ìsinmi gígùn tó bẹ̀rẹ̀, Màmá Láíbìrì, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ilé ìwé wa, máa ń ṣe ìdíje kan. Olúkúlùkù á mú ìwé méjì tí kókó kan náà so pọ̀, á sì sọ̀rọ̀ lé wọn lórí. Ẹni tó bá borí ni wọ́n á fún ní kọ́kọ́rọ́ láíbìrì fún gbogbo ìsinmi, wọ́n á sì fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ìgbín fẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ pátákó.

Nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ mẹ́wàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí òkìtì ìwé tí kò tíì ní èèpo.

"Mo ti rí tèmi," ló wí. "Ìwé ìtàn ogun yẹn àti ìwé ìṣirò wa."

"Kí ló so wọ́n pọ̀?"

"Aláwọ̀ ewé ni àwọn méjèèjì."

Ìgbín wò ó. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé aṣọ lo fẹ́ rà ni?"

"Ó dáa, ìwọ mú tìrẹ wá, agbélé-pọ̀n."

"Ìwé àwọn ìbejì tó ń jà sí ilé bàbá wọn, àti ìwé ìlú méjì tó ń jà sí odò. Ogún ló so wọ́n pọ̀. Ilé tí wọn ò kọ́, odò tí wọn ò gbẹ́, òun ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pa ara wọn."

"Ìyẹn dára o."

"Kò dára tó. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti awakọ̀ ojú irin tó fẹ̀yìn tì. Kí ó tó bu oúnjẹ sẹ́nu, á kọ́kọ́ wo aago, kí ọkọ̀ má baà pẹ́. Ọkọ̀ wo? Kò sí ọkọ̀ mọ́." Ó na ọwọ́ sí ìwé kan lórí tábìlì. "Àti èyí, ti aránṣọ tí ojú rẹ̀ fọ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ta ni onítọ̀hún tún jẹ́? Ìbéèrè kan náà ni ìwé méjèèjì ń bi wá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Báwo ni ti aránṣọ náà ṣe wá parí?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ìdajì ni mo wà. Ọ̀bẹ ni mo fẹ́..."

"Yá mi ní méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ìwọ náà mọ bí mo ṣe ń kàwé."

"Mo mọ̀," ni Ìgbín wí. "Ó dáa, ṣùgbọ́n mú ọ̀bẹ dání tí o bá fẹ́ ka ti aránṣọ."

"Ọ̀bẹ kẹ̀? Ṣé ẹran ni mo fẹ́ gé ni?" Ó ti fi ìwé há abíyá, ó ti jáde.

Kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yìí fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ àwọn tó ń di ìwé. Bébà ńlá ni wọ́n máa ń ká pọ̀ kí wọ́n tó rán an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé etí rẹ̀, kí ojú ìwé lè ṣí. Lọ́jọ́ tí bàbá Ìgbín di ìwé aránṣọ náà, apá ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú díẹ̀, ọ̀bẹ kò kàn án. Láti ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́rin lọ, ojú ìwé ṣì so mọ́ra létí bí àpò tí wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pa. Ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ là á.

Ọjọ́ mẹ́ta di mẹ́sàn-án. Ìgbín bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwé.

"Ìwé mi dà? Ṣé o rí ọ̀bẹ lò?"

"Mo rí i lò dáadáa. Ó mú gan-an."

"Báwo ló ṣe wá parí?"

"Lọ́la lo máa gbọ́, ìwọ àti gbogbo ayé."

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ìgbín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìwé kan àti ààbọ̀ ni mo kà," ló wí. "Ààbọ̀ tó kù wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ ìwọ̀nba tó mọ̀, ó sì lọ jókòó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. Ó gbé ìwé méjèèjì lé tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tuntun kalẹ̀. Ó sọ ti awakọ̀ àti aago rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Ó dé orí aránṣọ. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀," ló wí, "ó fọwọ́ kan aṣọ ìyàwó tí òun fúnra rẹ̀ fi ojú òkùnkùn rán. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí yóò nu omijé náà tán, ó ríran."

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé yọ áńkáṣíìfù. Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde lórí ìjókòó, ó ń tọ́ka, ó ń wí fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ pé, "Èmi ni mo bí i." Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé kúrò. Àwọn adájọ́ kò tilẹ̀ forí korí. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń kọ pátákó ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sókè, ó sì gba àwọn ọmọ kéékèèké níyànjú. "Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má fojú fo ìwé. Ẹni tó ka ìdajì, ìdajì òye ló ní. Ẹni tí kò kà á tó ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a."

Àtẹ́wọ́ tún sọ. Màmá Láíbìrì nu ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Jọ̀ọ́, ka ibi tí ojú aránṣọ yẹn ti là fún wa."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé ìwé náà, ó fẹ́ ṣí i sí apá ẹ̀yìn. Kò ṣí. Ó fi èékánná wá etí rẹ̀. Ní ìlà kejì, Ìgbín tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Màmá Láíbìrì rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó sì fi àtàńpàkò yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́rin dé òpin, kò sí ọ̀kan tí ọ̀bẹ tíì kàn.