Ìwé Ẹ̀rí Tí Mo Kọ fún Okùn Mẹ́fà

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ní kí ọkùnrin náà fọwọ́ sí bébà, méjèèje sì jọra ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ mi lè ní ṣebí kó jọra náà ni à ń fẹ́. Rárá o. Iṣẹ́ mi ni pé kí n wo gìtá tí wọ́n ní olórin kan fọwọ́ sí, kí n sọ bóyá olórin yẹn ló fọwọ́ sí i lóòótọ́, àbí ẹnìkan ló jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń sín in jẹ. Àwọn tó ń kó irú gìtá bẹ́ẹ̀ jọ kì í fẹ́ kí wọ́n ta ayédèrú fún àwọn, èmi ni wọ́n sì máa ń gbé e wá bá. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń ṣe é. Adájọ́ Gìtá ni wọ́n ń pè mí nídìí iṣẹ́. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí òun bá ti ìrìn àjò dé, ṣe ni màá kọ́kọ́ gbé awò tí mo fi ń yẹ gìtá wò sójú kí n tó ṣílẹ̀kùn fún òun.

Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé èèyàn alààyè kì í fọwọ́ síwèé bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè máa kánjú, orí lè máa fọ́ ọ, inú lè máa bí i. Gbogbo rẹ̀ ló ń hàn lẹ́nu báírò. Ayédèrú ló máa ń jọra.

Ìyàwó Okùn Mẹ́fà ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Okùn Mẹ́fà ni gbogbo ayé ń pe ọkọ rẹ̀, nítorí bó ṣe mọ gìtá ta. Lọ́dún méje sẹ́yìn, ó ní òun ń lọ ra wáyà gìtá, kò sì padà wálé. Wọ́n wá a títí ó fi sú wọn. Obìnrin náà jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde, ó ní ọkọ òun ti dé, ó ti pé oṣù kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ kọ̀ jálẹ̀, ó ní ẹni tó dé yẹn kì í ṣe àbúrò òun, wọ́n kàn jọra lójú ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, wọ́n wá fẹnu kò pé kí wọ́n pe ẹni tó mọ ìfọwọ́sí Okùn Mẹ́fà dáadáa. Bí mo bá ní òun ni, ẹ̀gbọ́n á gbà. Bí mo bá ní kì í ṣe òun, á lé àwọn méjèèjì jáde, nítorí Okùn Mẹ́fà ló ni ilé.

Gìtá mẹ́ta tí Okùn Mẹ́fà fọwọ́ sí ló ti gba ọwọ́ mi kọjá. Mo ní kò burú, màá wá. Mi ò tíì fi awò wo èèyàn rí, gìtá nìkan ni. Ó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀. Obìnrin náà mú mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí ọkọ rẹ̀ máa ń kó gìtá sí. Yàrá tóóró ni, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan ṣoṣo tó ní irin. Gìtá mọ́kànlá ló wà lára ògiri, kò sí eruku lára ọ̀kankan. Ọkùnrin náà dìde, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè bóyá ọ̀nà ò jìn jù fún mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó tutù. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ ohun kan tó ń kùn lára ògiri. Ó dákẹ́, nǹkan náà dákẹ́. Ó tún la ẹnu, ó tún kùn. Wáyà àwọn gìtá ni. Mo sọ fún ara mi pé ohùn tó bá lọ sílẹ̀ lè mú wáyà gbọ̀n, mo ti rí i rí. Ṣùgbọ́n èmi náà sọ̀rọ̀, obìnrin náà sọ̀rọ̀, wọn ò dá wa lóhùn.

Nígbà tó súnmọ́ tábìlì, òórùn rẹ̀ dé imú mi. Kì í ṣe òórùn òógùn, kì í ṣe ti ọṣẹ. Òórùn tó máa ń jáde láti inú ihò gìtá àtijọ́ ni, ti pákó gbígbẹ àti fáníìṣì. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo sì fọgbọ́n fọwọ́ kan orí ìka òsì rẹ̀, níbi tí wáyà máa ń sọ di líle lára gbogbo ẹni tó ń ta gìtá. Ó rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Mo ní bóyá kò ta gìtá fún ọdún méje.

Mo fún un ní bébà méje, ó fọwọ́ sí wọn. Mo gbé wọn méjì méjì léra wọn lójú gíláàsì fèrèsé kí oòrùn lè gba inú wọn kọjá. Ìlà kan ṣoṣo ni mo ń rí. Mo wá gbé awò sójú. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, níbi tí ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn ti yípo, báírò fò. Àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Mo gbé gìtá dúdú tó wà láàárín ògiri sọ̀kalẹ̀. Okùn Mẹ́fà ti fọwọ́ sí i lára lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọjọ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Fáníìṣì rẹ̀ ti ṣí níbì kan kó tó fọwọ́ sí i, nígbà tí péènì sì débẹ̀, ó fò ó. Ibẹ̀ gan-an ni. Bébà tó wà níwájú mi ń dán, kò ní egbò kankan, síbẹ̀ ọwọ́ ọkùnrin yìí ń fo egbò tó wà lára gìtá. Ara gìtá yẹn ló ti kọ́ ọ.

Mo gbójú sókè, ó ń wò mí. Kò wò mí bí olè tí ọwọ́ tẹ̀. Ó ń wò mí bí aláìsàn ṣe ń wo dókítà.

Ó rọra bi mí pé, “Mà, ṣé èmi ni?”

Kí n tó fèsì, ìyàwó ní kó lọ bu omi wá fún mi. Bó ṣe jáde, obìnrin náà ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì fi í sápò.

Ó ní, “Àǹtí mi, mo mọ̀ pé kì í ṣe òun.”

Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Ọrùn ọwọ́ náà wọ́, bí igi tí wọ́n tò tí kò tò dáadáa. Ó ní gìtá dúdú yẹn ni ọkọ òun fi lu òun. Egungun ọwọ́ òun ló ṣí fáníìṣì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fọwọ́ sí gìtá náà, ó gbé e fún òun, ó ní ẹ̀bẹ̀ ni. Lẹ́yìn tó lọ tí kò dé, òun ló ń nu gbogbo gìtá náà lójoojúmọ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀ nínú ilé. Òun á máa sọ irú ọkọ tí òun ì bá ní fún wọn. Ọ̀sán ọjọ́ kan, òun wọlé wá pẹ̀lú aṣọ ìnugìtá lọ́wọ́, ọkùnrin yìí ti jókòó sórí àga, ó sì béèrè bóyá òun ti jẹun.

“Mi ò bi í níbi tó ti wá,” ni ó wí. “Ṣé ẹ̀yin ì bá bi í?”

Mo ní kó jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn. Ó ní òun máa ṣí i tí mo bá ti kọ̀wé tán. Kò gbóhùn sókè. Ṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀ mí, ó sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Fóònù mi wà nínú ọkọ̀. Mo wo fèrèsé, irin rẹ̀ nípọn tó àtàǹpàkò. Mo ń rò ó bóyá kí n pariwo, àti ẹni tó lè gbọ́, nígbà tí ẹnìkan rọra na ife omi sí mi láti ẹ̀yìn.

Ọkùnrin náà ni. Ó ní kí n má bínú, omi náà ò tutù tó.

Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò obìnrin náà. Láàárín ẹ̀yìn mi àti ògiri, kò sí àyè tó ju ti gìtá kan lọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù ló kọ ìwé yẹn. Mo kọ ọ́ pé mo ti yẹ ọwọ́ ọkùnrin yìí wò, pé ojúlówó Okùn Mẹ́fà ni. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Bí mo ṣe gbé báírò kúrò lórí bébà, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mi ò tíì rí i kó mí látìgbà tí mo ti dé. Òógùn yọ lórí imú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, mà,” kò sì sí wáyà kankan tó kùn. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó sìn mí dé ìdí ọkọ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ ka ìwé náà. Ó ní tí Adájọ́ Gìtá bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun ò ní ohun tí òun fẹ́ sọ mọ́.

Mo rò pé ó parí. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kẹta, fóònù mi dún. Ọkùnrin náà ni. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó béèrè àlàáfíà ọkọ mi, ó wá ní, “Ẹ má bínú, mà. Ṣé ẹ ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yín?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúpẹ́. Ó tún pè lọ́jọ́ kejì, ní aago méjì. Bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kan tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, mi ò gbé e. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, obìnrin náà ti dé ilé mi láìwọ bàtà. Ó ní òun ò rí ìka ọkọ òun mọ́. Òun rí ọwọ́, òun ò rí ìka. Mo gba fóònù rẹ̀, mo bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, mo ní mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Látìgbà náà, mi ò lè lọ ibi tí fóònù kì í ti gbà. Mi ò lè sùn lọ́sàn-án. Ọkọ mi bi mí ta ló ń pè mí lójoojúmọ́ bíi ti olólùfẹ́, mo ní oníbàárà kan ni.

Lóṣù kẹrin, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀. Kò kí mi. Ó ju ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí mi sórí tábìlì, ó ní, “Ṣé ìwọ lo kọ eléyìí?”

Ó ní òun ni Okùn Mẹ́fà. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti òun mọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nílé. Ìyàwó òun ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó rí òun, ó tún pa á dé. Ẹ̀gbọ́n òun tó ti ń bá wọn jà nítorí òun, ìwé yìí ló nà sí òun. Mo fún un ní bébà. Orí ìka òsì rẹ̀ tó fi tẹ bébà náà mọ́lẹ̀ le bí èékánná. Ó fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya bébà, ìkejì tẹ̀ sí ọ̀tún, ìkẹta kúrú. Kò sí èyí tó fò níbì kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ó tó kọ ìkejì tán ni mo ti mọ̀. Òun ni.

Ó ní kí n kọ òmíràn, kí n kọ ọ́ pé mo purọ́. Ó ní tí òun bá fi padà wọ ilé yẹn, obìnrin náà á mọ̀ pé òun ti dé. Ó wo gìtá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi bó ṣe sọ ọ́.

Fóònù mi dún. Aago méjì ti lù.

Mo gbé e. Ohùn tútù náà kí mi, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ọkùnrin tó wà níwájú mi ń wo ẹnu mi. Ohun tó tọ́ ni kí n sọ òtítọ́. Òtítọ́ ni wọ́n ń sanwó fún mi láti sọ. Mo rí ọwọ́ òsì tó wọ́ yẹn lójú mi.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.”

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọkùnrin náà ti gbójú kúrò lẹ́nu mi. Ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kiri ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú nínú yàrá. Mo wo bébà. Ìfọwọ́sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń ṣí lára rẹ̀, bí omi tó ń gbẹ lórí sìmẹ́ńtì, títí ó fi funfun báláú.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà.” Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí ní ẹ nìyẹn. “Ta ni mo ní mo ń wá níbí?”

Mo ní mi ò mọ̀. Ó jókòó, nítorí kò mọ ibi tó máa lọ.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń wá, kó tó di aago méjì, á sì ní kí n fún òun ní bébà. Báírò tí mo ń fún un ń kọ dáadáa lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ tirẹ̀, ó kàn ń ha bébà ni. Ó ti níwà jẹ́jẹ́ báyìí, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Lánàá, ó bi mí bóyá mo mọ ìyàwó òun, ó ní ó ń ṣe òun bíi pé òun ní ìyàwó kan níbì kan.

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.