Bọ́ọ̀lù Tó Kan Koríko

"Orville, má jẹ́ kó bọ́ o! Tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ, inú àgbàdo bàbá ẹ lo máa sùn lónìí!"

Dale Hruska, olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, ló máa ń pariwo bẹ́ẹ̀ lé mi lórí lójoojúmọ́ ní pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Nebraska, lọ́dún 1952. Àwa méjìdínlógún péré ni. Ọ̀gbẹ́ni Tressler tó ń kọ́ wa ní kẹ́mísìrì náà ló ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù, ìyàwó wọn ló sì ń bá wa rán aṣọ tó bá ya. Bọ́ọ̀lù tiwa, èyí tí à ń gbá mọ́ àyà sáré títí a ó fi kọjá ìlà ìkẹyìn, máa ń fọ́ni lára. Síbẹ̀, bí mo bá gbóòórùn koríko òwúrọ̀ títí dòní, ọdún yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

A gbá méje, a borí méje! Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Onígbàjámọ̀ ìlú ò gbowó lọ́wọ́ wa mọ́. Ó wá ku ìdíje kan ṣoṣo. Bàbá mi, tí ìkórè kì í jẹ́ kí wọ́n wá, dé lọ́jọ́ náà tàwọn ti bàtà oko lẹ́sẹ̀ wọn.

Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, àwọn alátakò sì fi àmì mẹ́rin ṣíwájú. Dale ju bọ́ọ̀lù sí mi. Mo fò, mo nawọ́, mo ṣubú sí ẹ̀yìn ìlà tòun ti bọ́ọ̀lù láyà mi. Rẹfirí na ọwọ́ méjèèjì sókè. A ti borí! Èrò ya wọ pápá.

Èmi nìkan ló mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti kan koríko kí n tó gbá a mọ́ra, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù tó bá ti kanlẹ̀ kí a tó mú un, kì í kà.

Dale gbé mi sókè. "Ọkùnrin ni ẹ́ jàre!"

"Dale, ó kanlẹ̀."

"Kí ló kanlẹ̀?"

"Bọ́ọ̀lù."

Ó rọra gbé mi sílẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò rí i. Orville, mo bẹ̀ ẹ́, panu mọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa wọṣẹ́ ṣọ́jà. Jẹ́ kí n rí ẹyọ kan yìí gbé dání lọ sí Kòríà."

Síbẹ̀, mo lọ sọ fún rẹfirí, ó sì fagi lé àmì náà. Bí a ṣe pàdánù nìyẹn.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. "Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o!" làwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń bú mi.  Bàbá mi bọ́ ẹ̀wù òtútù wọn, wọ́n fi bò mí. Dale ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ sógun.

Ìgbà tí yìnyín ń yọ́ ni lẹ́tà rẹ̀ dé. Ó kọ ọ́ pé: "Inú rẹ bí mi gan-an, Orville. Àmọ́ níbí, ẹ̀mí wa wà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣọ́ wa. Tí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń bi wọ́n pé ta ló ń ṣọ́nà. Ìgbàkígbà ni mò ń sọ lọ́kàn mi pé ì bá jẹ́ ìwọ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó lè sọ òtítọ́ tó máa dun òun fúnra rẹ̀, òun la lè fẹ̀yìn tì ká sùn.