Ìgò Tí Mi Ò Kọ Orúkọ Sí Lára

"Àmínát! Kí lò ń sè lẹ́yìnkùlé tó ń ta sánsán báyìí?"

Alhaja, ìyá tó bí ìyá mi, ló ń pariwo láti inú yàrá. Ọ̀dọ̀ wọn ni èmi àti Lukman àbúrò mi ń gbé ní Ọ̀fà, nítorí Abuja ni Mummy wa ti ń ṣiṣẹ́.

"Mi ò se nǹkan kan o, Alhaja," ni mo dáhùn. "Fírẹ́ṣínà ni mò ń pò. Omi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fín sínú ilé. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ wa níléèwé ni."

"Ó dáa. Ilé tèmi ò rùn. Ẹni tílé ẹ̀ bá ń rùn ni kí o gbé e lọ bá."

Susannah, ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi di ike mú, bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ Sátidé ni, ojú ọjọ́ dára, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poly kan ti ní kí a kó fírẹ́ṣínà wá fún àwọn, mo sì ti ń wo ara mi bí ọ̀gá ilé iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa bá mi wá àwáwí: mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mìsíìsì Láńrewájú tó kọ́ wa kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ìta gbangba ni wọ́n ti kọ́ wa, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Wọ́n gbé ike sípíríìtì tí a fi ń pò fírẹ́ṣínà sókè, wọ́n ní, "Mẹ́tánọ́ọ̀lù lèyí. Ẹ má wò ó bí omi. Kò gbọdọ̀ súnmọ́ iná. Ẹni bá mu ún, ojú rẹ̀ lè fọ́, ó sì lè kú. Nítorí náà, n ò gbọdọ̀ gbọ́ pé ẹnìkan dà á sínú ìgò omi mímu. Kí ẹ tó dé ìdérí ẹ̀, ẹ kọ orúkọ sí i lára." Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi, mo sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi wá nínú ìdánwò, mẹ́sàn-án ni mo gbà nínú mẹ́wàá.

Ìgò tí wọ́n fi ń fín nǹkan tí a rà lọ́jà Ọwọ́dé, márùn-ún ni. Wọ́n kún tán, fírẹ́ṣínà ṣì ṣẹ́kù nínú ike. Susannah nawọ́ mú ìgò omi kan tí a ti mu tán.

"Da èyí tó kù síbí, jàre, ká máa lọ. Wọ́n ti ń pè wá."

"Mìsíìsì ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé Mìsíìsì wà níbí ni? Ta ló fẹ́ mu fírẹ́ṣínà? Ṣé èèyàn ò ní imú ni?"

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Mo dà á síbẹ̀. Mo ti da àwọ̀ pọ̀ jù nígbà tí mò ń pò ó, gbogbo ẹ̀ sì wá dà bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Bírò wà lápò mi. Bí mo bá ní kí n kọ nǹkan sí ìgò náà lára, kò ní í gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo ní tí mo bá dé, màá kọ ọ́.

Mo fẹ́ gbé e sí ilé ìdáná, mo wá rántí iná gáàsì. Ni mo bá gbé e lọ sórí tábìlì nínú yàrá Alhaja, níbi tó tutù. Mo tún yin ara mi pé mo rántí ẹ̀kọ́ mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Alhaja ti bẹ Alfa Ìbráhìm, àlùfáà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, pé kó bá àwọn ṣe hàǹtú fún Lukman. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ hàǹtú: omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì tí wọ́n kọ sójú pátákó wàláà. Wọ́n máa ń mu ún fún ìbùkún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Lukman, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sí iléèwé girama, Alhaja ò sì fẹ́ kó fìdí rẹmi. Alfa Ìbráhìm máa ń kán lọ́fíndà díẹ̀ sí hàǹtú tirẹ̀. Tàdáwà tó fi ń kọ̀wé ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ tíì.

Orí ìrun ọ̀sán ni Alhaja wà nígbà tí ọmọ Alfa gbé e dé. Ẹni tó bá wà lórí ìrun kì í yíjú wẹ̀yìn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọmọ náà kàn ní, "Mo gbé e síbí o, Alhaja," ó gbé ìgò tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Alhaja sálámà tán, wọ́n gbójú sókè. Ìgò kan ni wọ́n rí lórí tábìlì. Wọ́n ṣí i, ó ń ta sánsán, ọkàn wọn balẹ̀.

Lukman ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní Alhaja dà á kún ife kan fún òun.

"Alhaja, ó ń ta mí lọ́fun."

"Mu ún, ọkọ mi. Ṣé o ò fẹ́ yege ni? Sọ Bísímílà, kí o gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà."

Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni Lukman. Ó sọ Bísímílà, ó sì gbé e mì.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ni mo padà dé. Lukman dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ń rẹ́rìn-ín láìnídìí. "Àǹtí mi," ó ní, "ilé ń yí." Alhaja ní oòrùn ló mú un, pé bọ́ọ̀lù tó ń gbá kiri ti pọ̀ jù. Mo wọ yàrá lọ mú ìgò mi. Omi inú ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mo rí ìgò kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó kún dé ẹnu, wọ́n ṣì fi ọ̀rá dúdú wé ìdérí ẹ̀.

"Alhaja, kí ni Lukman mu?"

"Hàǹtú tí Ìbráhìm fi ránṣẹ́ ni. Kí ló dé?"

Gbogbo ohun tí Mìsíìsì Láńrewájú sọ ló ń dún létí mi, tòun ti ìlà pupa tí mo fà. Ibi tí ó yẹ kí n ti pariwo nìyẹn. Ẹnu mi mú, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní iléèwé wa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo ya odi. Mò ń ronú nípa ohun tí Mummy máa sọ. Mò ń ronú nípa ẹ̀jẹ̀ ríru Alhaja. Mò ń ronú pé wọn ò ní í jẹ́ kí n pò ó mọ́. Mo ro gbogbo ẹ̀ tán, mi ò ro ti ọmọ tó wà lórí ẹní.

"Kò sí nǹkan kan, mà," ni mo sọ.

Mo yọ́ mú epo pupa nílé ìdáná. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé epo ń pa oró. Mo fún Lukman ní ṣíbí méjì, ó bì í, ó sì sùn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó jí, ó jẹ ẹ̀bà, ó sì ń bá mi ja ìjà ẹran. Mo ní Alhamdulillahi, ó ti tán. Mo da ìyókù inú ìgò náà sí gọ́tà.

Ní ọjọ́ Sunday, orí ń fọ́ Lukman díẹ̀, ìyẹn nìkan ni. Alhaja rán mi níṣẹ́ ní àárọ̀, mo sì pàdé Mìsíìsì Láńrewájú tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀.

"Àmínát, fírẹ́ṣínà yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹ ti ń tà. Ṣé ẹ kọ orúkọ sára gbogbo ìgò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ dáadáa." Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n lọ. Bí mo bá sọ òtítọ́ ní títì yẹn, àwọn ni wọn ì bá gbé wa dé ọsibítù. Mo dúró, mò ń wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi yà.

Lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán ni Lukman jókòó dìde lórí ẹní. Ó ń fọwọ́ nu ojú.

"Àǹtí mi, kí ló dé tí ilé funfun báyìí? Ṣé ọyẹ́ ti dé ni?"

Òjò ló ń rọ̀ níta. Ó dìde, ó fẹ́ jáde, ó sì forí sọ ilẹ̀kùn. Kò sunkún. Ó kàn ń na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń mí gúlegúle, ó ń sọ pé, "Àǹtí mi dà? Àǹtí mi dà?" Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo dúró sí.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa dé ọsibítù. Dókítà obìnrin kan tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó sì bi Alhaja pé kí ló mu. Alhaja ní kò mu nǹkan kan, àfi hàǹtú. Obìnrin kan tó jókòó ti ọmọ tirẹ̀ pòṣé. "Hàǹtú! Kí wọ́n tètè lọ mú Alfa náà kó tó sá lọ." Ẹlòmíràn ní òun mọ ilé ẹ̀. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ń sọ pé, "Ìbráhìm ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ìbráhìm ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ sáàárín wọn.

"Kì í ṣe hàǹtú. Fírẹ́ṣínà mi ni. Mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀."

Dókítà yíjú sí mi.

"Ìgbà wo ló mu ún?"

"Lánàá, mà. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán."

"Ìgbà wo ni ìwọ mọ̀?"

"Lánàá náà, mà. Aago mẹ́rin."

Ó wo aago ara ògiri. Kò bá mi jà, ì bá sàn kó bá mi jà. Ó ní, "Mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í pariwo. Ó lè jẹ́ kí ara balẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó ṣọṣẹ́. Oògùn rẹ̀ wà, àsìkò tí ara balẹ̀ yẹn gan-an ló sì dára jù láti lò ó. Ṣé ẹ fún un ní nǹkan mìíràn?" Mo ní epo pupa. Ó mi orí. Ó ní epo kì í pa oró kankan, pé bí èébì bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó tún lè pa ọmọ.

Wọ́n gbé wa lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ méjìlá la lò níbẹ̀. Lukman ò kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò padà. Ó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí ilẹ̀ ṣú, ìyẹn nìkan ló kù fún un.

Mummy fi oṣù kan gbáko yan mí lódì. Wọ́n ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lójú Alfa Ìbráhìm, obìnrin tí mo jẹ́, mo sì lọ. Àwọn kan ti lọ bú u lẹ́nu ọ̀nà kí òtítọ́ tó tàn kálẹ̀. Àwọn òbí kan ti kó ọmọ wọn kúrò ní ilé kéwú rẹ̀, títí di òní wọn ò tíì dá wọn padà. Susannah kì í wá sílé wa mọ́. Alhaja ló burú jù. Mo ti ṣàlàyé títí, mo ní ẹ̀bi mi ni, wọn ò gbà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bù ú fún un. Ó ní ó ń ta òun lọ́fun, mo ní kó gbé e mì."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Lukman jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ nínú aṣọ iléèwé girama tuntun. Ó ń gbọ́ ohùn wọn, ó sì ń dárúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí mi, lọ́jọ́ tí ẹ fún mi ní epo yẹn, ṣé ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí."

Kò bínú. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó ní. "Lójoojúmọ́."

Mo rọra sunkún. Mi ò jẹ́ kó gbọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ gbọ́ mi. Ẹ má da fírẹ́ṣínà tàbí ohunkóhun tó ní sípíríìtì nínú sí ìgò tí wọ́n fi ń mu omi, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ orúkọ sí i lára, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọmọdé tàbí àgbà ò ti ní ṣì í mú. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fún un ní epo, ẹ má dúró wò ó bóyá ara á balẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìgò náà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹ sọ ọ́ ní wákàtí yẹn, bí wọ́n bá fẹ́ nà yín, kí wọ́n nà yín. Láti aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbólóhùn kan péré ni àbúrò mi nílò lẹ́nu mi, mi ò sì sọ ọ́.