Igi Tó Wọ́wé Níwájú Fèrèsé Harlan

Ọkùnrin tó ta igi fún Verna Tollefson kò béèrè bí oòrùn ṣe ń kan ilé rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ mú kí ara fu Verna nìyẹn. Ní Minnesota, kò sí ẹni tó ń ta igi tí kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá oòrùn ń débẹ̀, bóyá omi máa ń dúró sílẹ̀ ibẹ̀, bóyá àgbọ̀nrín máa ń yà síbẹ̀ wá jẹun. Bàbá yìí kò béèrè ọ̀kankan. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó wo Verna láti òkè délẹ̀, ó ní:

"Ta ló ń jókòó sídìí fèrèsé?"

Verna ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ọgbà náà pé ẹnì kan ń jókòó sídìí fèrèsé. Àmọ́ òótọ́ ni. Harlan ọkọ rẹ̀, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ tí ń gbá yìnyín kúrò lójú títì, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù níbẹ̀rẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ohùn rẹ̀ sì lọ. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àga tó wà nídìí fèrèsé pálọ̀ ló máa ń wà, tí á máa wo ìta. Dókítà ti sọ fún Verna pé oògùn ń ṣe tiẹ̀, àmọ́ bí ọkàn ọkùnrin náà bá rẹ̀wẹ̀sì, kò ní sí ohun tí oògùn lè ṣe mọ́. Ìgbà òtútù ló wá ń ba Verna lẹ́rù. Ilẹ̀ á funfun, ojú ọ̀run á funfun, kò ní sí nǹkan kan láti wò títí di oṣù kẹrin ọdún. Ìdí nìyẹn tó fi wá sí ọgbà igi lóṣù kẹsàn-án, kó lè yan àwọn igi eléwé abẹ́rẹ́, tí ewé wọn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, àwọn tó máa ń tutù yọ̀yọ̀ nínú yìnyín, kí ọkọ rẹ̀ lè máa rí ohun tó wà láàyè.

"Ọkọ mi ni," ni Verna dáhùn. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ ńkọ́?" ni bàbá náà wí, bí ẹni pé kò gbọ́. "Kí ni ìwọ fẹ́?"

"Ohun tí kì í yí padà ni mo fẹ́. Ohun tí òtútù ò ní lè gbà kúrò lójú wa."

Bàbá náà tún un sọ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ohun tí kì í yí padà."

Verna kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn jẹ́ ẹni tó máa ń yí ẹyin wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó rà á ni, tí á sì tún máa wo ẹni tó tà á fún un. Síbẹ̀, bàbá náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó yan igi páìnì kúkúrú kan fún un tó rí roboto, ó yan jùnípà tó máa ń rá lórí ilẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì yan ọ̀wọ́ igi sídà tó lè dúró bí ọgbà láàárín ilé Verna àti ti Opal, aládùúgbò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé igi sípúrúsì kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi búlúù, tó le, tó gún régé.

"Tìẹ nìyí," ó ní. "Ó máa ga, ó sì máa fẹ̀. Gbìn ín jìnnà sílé."

Verna rẹ́rìn-ín nínú. Ó mọ ọgbọ́n ọlọ́jà. Bó bá gbìn ín jìnnà, àyè á ṣẹ́ kù, yóò sì tún padà wá ra òmíràn tí yóò fi dí i. Nígbà tó délé, iwájú fèrèsé gan-an ló gbìn ín sí.

Àmọ́ kó tó kúrò lọ́gbà igi lọ́jọ́ náà, ó rí igi kan lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ tí kì í ṣe òun ló yàn án. Ó tín-ín-rín, abẹ́rẹ́ ara rẹ̀ sì rọ̀ bí irun orí ọmọ tuntun.

"Mi ò ra èyí, bàbá."

"Ti ẹni tó ń jókòó sídìí fèrèsé ni. Sáà má dà á láàmú."

Bàbá náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Oòrùn ń mú lọ́jọ́ náà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde látinú ihò yìnyín. Verna nu ọwọ́ tirẹ̀ sára aṣọ títí tó fi délé. Síbẹ̀, kò fẹ́ fi igi ọ̀fẹ́ ṣòfò, ó gbin èyí tín-ín-rín náà sí ẹ̀gbẹ́ sípúrúsì, níwájú fèrèsé.

Lóṣù kẹwàá, nígbà tí igi yòókù ṣì tutù bí wọ́n ṣe wà, igi tín-ín-rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti di òféèfèé, oòrùn ọ̀sán ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú Harlan. Verna ń gbá pálọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn kan tí kò gbọ́ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Góòlù," ni Harlan wí.

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Verna. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́, ó ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ nípa àwọn igi sídà tó fi àpò ìdọ̀họ wé, kí ẹ̀fúùfù má bàa gbẹ wọ́n, kí àgbọ̀nrín má sì jẹ wọ́n. "O ti di wọ́n bí ẹrù ẹni tó ń kó kúrò nílé," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. Ara Verna yá gágá. Ó gbé àga tirẹ̀ wá sídìí fèrèsé, wọ́n jọ ń mu kọfí níbẹ̀ láràárọ̀. Bí ayọ̀ bá ní àwọ̀ kan, àwọ̀ igi yẹn ni lójú rẹ̀.

Ẹ̀fúùfù wá fẹ́ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, abẹ́rẹ́ aláwọ̀ góòlù ti bo ilẹ̀, igi náà sì wà níhòòhò. Nídìí oúnjẹ alẹ́, Harlan na ọwọ́ sí iyọ̀, ṣùgbọ́n kò rántí ohun tí wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí wọn ṣà mọ́. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Nígbà tí yìnyín fi máa bo ilẹ̀, sísùn ló kù tó ń sùn, pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó là díẹ̀ sí ìta. Dókítà wá, ó gbé etí sí àyà rẹ̀, ó ní ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. "Ẹ ṣe sùúrù fún un di ìgbà ìrúwé, màmá," ó ní.

Àmọ́ Verna ti mọ ohun tó rí. Igi náà pọ́n, ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Igi náà kú, ọkọ rẹ̀ ń kú lọ. Ó wọ bàtà yìnyín, ó wakọ̀ lọ sọ́gbà igi láti bá bàbá náà wí. Ọmọbìnrin kan tó ń ta igi Kérésìmesì níbẹ̀ ló bá.

"Kò sí bàbá àgbàlagbà kankan níbí, mà. Èmi àti bùrọ̀dá mi nìkan ló ń tajà."

"Ọwọ́ ẹ̀ máa ń tutù," ni Verna wí, ó sì mọ̀ bó ṣe dún létí.

Ọmọbìnrin náà sún sẹ́yìn díẹ̀. "Igi abẹ́rẹ́ tó wọ́wé tán, ó ti kú nìyẹn, mà. Ẹ kàn gé e sọnù."

Bí Verna ṣe ń darí bọ̀, ó rí Opal nínú àgbàlá òun. Opal àti Harlan ti jọ jó rí nígbà èwe wọn, kí Harlan tó mọ Verna, Verna kò sì gbàgbé rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó jó ti gbàgbé. Opal ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lásán lé ara igi tó kú náà, ètè rẹ̀ sì ń mì. Lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, ojú Harlan là kedere, ó ń wò ó.

"Kí lò ń ṣe nídìí igi mi?"

"Mò ń kí i ni," ni Opal wí, ó sì gbé abọ́ ànàmọ́ àti ẹran lílọ̀ tó gbé wá sókè. "Mo gbé oúnjẹ wá fún yín, kò sẹ́ni tó dáhùn. Verna, má dà á láàmú o. Jẹ́ kó sùn."

Verna ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn gan-an nìyẹn. "Ta ló rán ẹ sí mi?"

"Ta ni ì bá rán mi? Bó o bá ń ṣiyèméjì, fi èékánná họ èèpo ẹ̀ díẹ̀. Wàá rí i fúnra ẹ."

Verna wo èékánná ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ará ibẹ̀ ló mọ̀ pé báyẹn ni wọ́n ṣe ń dán igi wò bóyá ó ṣì wà láàyè, òun náà ti ṣe é fún igi ápù rẹ̀ láìmọye ìgbà. Àmọ́ ẹni tí ìfura ti wọ̀ lára kì í gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ohun tó ń bẹ̀rù ló ń gbọ́. Ohun tí Verna gbọ́ ni pé obìnrin yìí fẹ́ kí òun fi nǹkan kan lára òun kan igi náà, kí iṣẹ́ tó kù lè parí.

"O ti gba ẹ̀mí ọkọ mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Ó wá ku tèmi."

"Verna, kí ló ń ṣe ẹ́? Bàbá mi ní irú ẹ̀ nínú irà wa, wọ́n—"

Verna ti ti ilẹ̀kùn. Opal gbé abọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì lọ. Verna da oúnjẹ náà nù bó ṣe gbóná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn là, yìnyín ń kọ mọ̀nàmọ̀nà. Verna mú ayùn kúrò lára ògiri, ó kúnlẹ̀ sídìí igi náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ. Ó retí kó gbẹ, kó máa fọ́ bí igi ìdáná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ayùn ń lẹ̀, ó ń fa omi jáde. Ó gbójú sókè wo fèrèsé, ó sì rí Harlan tó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ọwọ́ tó ti kú látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ gíláàsì. Inú Verna dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó rò pé ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, pé òun ti ń gba ọkọ òun padà. Ó rẹ́ ẹ kíákíá sí i.

Igi náà ṣubú láìdún. Ọwọ́ tó wà lára gíláàsì rọra yọ̀ wálẹ̀.

Ìgbà náà ni òórùn rẹ̀ dé, òórùn oje tútù. Verna wo ojú ibi tó gé. Lábẹ́ èèpo, àwọ̀ ewé tútù kan lọ yípo, ó ń dán fún omi. Ó mú ẹ̀ka kékeré kan, ó fi èékánná họ ọ́. Ó tutù. Ó mú òmíràn. Ó tutù. Ó ń họ wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Opal sáré dé láìwọ ẹ̀wù òtútù.

"Tamaraki ni, Verna," ni Opal wí jẹ́jẹ́. "Òun nìkan ló máa ń wọ́wé nínú àwọn igi eléwé abẹ́rẹ́ tiwa. Ọdọọdún ló ń wọ́ ọ. Á sùn, tó bá di ìgbà ìrúwé, á tún padà."

"Ṣé kò lè rú láti ìdí?"

Opal wo kùkùté náà, ó sì mi orí. Ó bọ́ síwèétà ọrùn rẹ̀, ó fi bo èjìká Verna.

Harlan kò kú. Nígbà ìrúwé, gbogbo tamaraki inú irà tó wà lẹ́bàá títì yọ abẹ́rẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n Harlan ṣì wà lórí àga rẹ̀. Ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń mí, ó ń gbé oúnjẹ mì tí wọ́n bá fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Ojú rẹ̀ là. Àmọ́ kò sí ẹnì kankan nínú ojú náà, àwọn dókítà tó wá lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́ kò sì rí ìdí rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa, ni gbogbo wọn ń wí.

Láti ọjọ́ tó rẹ́ igi náà ni Verna fúnra rẹ̀ kò ti sùn mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rò pé ìbànújẹ́ ni. Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé kò rẹ òun. Ọdún ń gorí ọdún, irun Opal funfun tán, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, wọ́n sì sin ín ní ìgbà òtútù kan. Níbi ìsìnkú náà, àwọn èèyàn ń wo ojú Verna, wọ́n sì ń yẹra fún un díẹ̀díẹ̀. Kò sí ìhunjọ tuntun kan lójú rẹ̀. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tó lọ ra igi náà ló ṣì rí.

Lọ́dọọdún, nígbà tí yìnyín bá kọ́kọ́ bọ́, ó máa ń mú ayùn, á lọ dúró níwájú sípúrúsì rẹ̀. Igi náà ti ga ju òrùlé lọ. Ó máa ń rò ó pé, bí òun bá gé e, tí ẹ̀mí òun sì bá a lọ, ta ni yóò máa fi oúnjẹ sí Harlan lẹ́nu? Á dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi tutù, á sì gbé ayùn padà sára ògiri.

Á wọlé, á jókòó sórí àga tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, á di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀ka sípúrúsì ti bo fèrèsé náà pátápátá báyìí, wọ́n ń kan gíláàsì bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Ní òtútù, ní ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n lè rí níbẹ̀ ju ewé tútù yọ̀yọ̀ lọ.