Rímù Tó Ń Dán, Bíréèkì Tí Ò Mú

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Aránṣọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ilé wọn, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò wọlé. Ọkọ rẹ̀, tíṣà ìṣirò, lóṣòó ti táyà iwájú, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ inú rímù tuntun bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," ni Aránṣọ wí. "Ó tún ń dún o. Tí mo bá ti yí sítíárì dé òpin, á máa ha nǹkan, kẹrẹkẹrẹ, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ họ ìdí ìkòkò."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, táyà tuntun ni. Ara rẹ̀ ò tíì mọlé ni. O ò rí i bó ṣe wá rẹwà?"

Ó rí i. Oṣù méjì sẹ́yìn, mọ́tò jẹ́jẹ́ ni mọ́tò yìí, tó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń gbé wọn padà wálé. Àfi ìgbà tí Tíṣà pàdé ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní ìtòsí ilé ìwé rẹ̀, Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ so àpótí kékeré kan mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní yóò fi agbára kún un. Lẹ́yìn náà ló gbé rímù ńlá dé, pẹ̀lú táyà tó fẹ̀ jù tàtijọ́ lọ. Nígbà tó yá, ó fi ayùn gé sípíríìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrú, kí mọ́tò lè ba mọ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọkàn Aránṣọ ò ti balẹ̀. Tí wọ́n bá bọ́ sínú kòtò kékeré, mọ́tò á fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Tó bá rọra fẹsẹ̀ tẹ iná kí mọ́tò lè sáré díẹ̀, á já lọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Bíréèkì ńkọ́?" Ó ti bi ọkọ rẹ̀ léèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Bíréèkì ṣì ń mú," ni Tíṣà dá a lóhùn. "Kí la fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ fún?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, Tíṣà fẹ́ lọ ṣọ́ ìdánwò, tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló wá gbé e. Aránṣọ ló máa gbé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Màmá ti jókòó síwájú, ó ti de bẹ́líìtì, ó gbé àpò ìwé ìwòsàn lé itan.

Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta òkè, Aránṣọ tẹ bíréèkì. Mọ́tò dúró, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ rì wọlé ju bó ṣe máa ń rì lọ. Ó rọ̀ bí ẹni tẹ ìrọ̀rí.

"Màmá, bíréèkì yìí ò ṣe bó ṣe máa ń ṣe o. Bóyá ká dúró síbí."

"Ìyàwó mi, aago mẹ́sàn-án ni dókítà sọ. Tá a bá pẹ́, ó tún di oṣù tó ń bọ̀. Rọra máa lọ."

Aránṣọ wo aago. Ó wo ojú Màmá tó ti ń ṣe bàìbàì. Ló bá fi jíà sí i, ó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà ibẹ̀ láti ìkóríta títí dé ìsàlẹ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Aránṣọ ò tíì dé ìdajì nígbà tó tún tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tààrà, ó kanlẹ̀.

"Yéè!"

"Kí ló dé?"

"Kò mú, Màmá! Kò mú o!"

Aránṣọ di sítíárì mú. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rí obìnrin tó ń mú àwọn ọmọ sọdá, tó na pátákó pupa rẹ̀ sókè. Àwọn ọmọ tò tẹ̀lé ara wọn kọjá níwájú rẹ̀, báàgì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù wọ́n lọ. Mọ́tò ń yára sí i. Ilé ń sá kọjá lápá ọ̀tún, ilé ń sá kọjá lápá òsì.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kó pa ẹ́ńjìnnì. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà, tó ti kìlọ̀ fún un pé mọ́tò tí wọ́n bá pa lórí eré, sítíárì rẹ̀ lè há. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó ń tẹ bíréèkì léraléra, kíákíá kíákíá, títí tí nǹkan díẹ̀ fi mú. Ó fa jíà láti ìkẹta bọ́ sí ìkejì, ẹ́ńjìnnì sì ké ramúramù. Ó ń fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ kan ló kù lórí sítíárì, ó sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tẹ họ́ọ̀nù.

Obìnrin onípátákó pariwo, ó ti àwọn ọmọ padà sẹ́yìn. Wọ́n tú ká. Àfi ọmọbìnrin kékeré kan tó dúró gbagidi sáàárín títì, tó ń wo mọ́tò tó ń bọ̀ wá bá a.

Aránṣọ yà sápá ọ̀tún. Táyà ha mọ́ kọnkéré etí títì, ó ń lọ̀ ọ́, èéfín ń rú, òórùn rọ́bà tó ń jó gba inú mọ́tò kan. Mọ́tò gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì dúró.

Láàárín imú mọ́tò àti ọmọ náà, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ.

Màmá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ìyàwó mi, ṣé a ti kú ni?"

"Rárá, Màmá." Aránṣọ fẹ́ fọwọ́ kàn án, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò jábọ́ lára sítíárì. Obìnrin onípátákó ló wá bá a tú ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n pe mẹkáníìkì tó wà ní òpópónà kejì. Obìnrin ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ náà, Ìyá Sípánà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó fi páálí tẹ́ ilẹ̀, ó sùn sórí rẹ̀, ó yọ́ wọ ẹ̀yìn táyà iwájú. Kò pẹ́ tó fi pe Tíṣà, tó ti sáré dé láti ibi ìdánwò nígbà tí Aránṣọ pè é lórí fóònù.

"Ẹ wá wo nǹkan, Tíṣà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀. Ó rí okùn rọ́bà dúdú kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹ wọlé, tí òróró ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀.

"Okùn yìí ló ń gbé òróró bíréèkì," ni Ìyá Sípánà wí. "Táyà yín fẹ̀ jù, ẹ sì ti gé sípíríìnì, mọ́tò ti ba jù. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti yí sítíárì ni táyà ń ha okùn yìí. Òní ló já. Ọ̀nà méjì ni òróró ń gbà lọ sídìí táyà, ọ̀nà kejì tó ṣẹ́kù ló fi mú díẹ̀ yẹn."

Tíṣà fọwọ́ kan òróró tó ń kán náà. "Ó sọ fún mi," ló ń wí. "Láàárọ̀ yìí gan-an, ó sọ fún mi."

"Èmi gan-an jẹ̀bi," ni Aránṣọ wí. "Bíréèkì ti rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ní ìkóríta. Ǹ bá ti dúró."

Màmá ò pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó kàn wò ó. "Èmi tí mo bí ọ ni mo jókòó síbẹ̀ o," ló sọ, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó yá, Tíṣà béèrè pé, "Ọ̀gá mi, ṣé èèyàn ò gbọdọ̀ tún mọ́tò rẹ̀ ṣe kó dáa ju bí wọ́n ṣe tà á lọ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi náà fẹ́ràn mọ́tò tó já fáfá. Ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dáa. Táyà gidi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kó jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Táyà nìkan ló ń kan ilẹ̀. Ẹ wá bọ́ sórí bíréèkì, ẹ pààrọ̀ páàdì àti òróró rẹ̀ sí èyí tó dáa. Ẹ ó rí i pé ìyẹn nìkan á ti sọ mọ́tò dọ̀tun. Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríìnì ló kàn, àwọn tí wọ́n ṣe fún irú mọ́tò yín, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ayùn gé."

"Agbára ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Ìyẹn ló gbẹ̀yìn. Púlọ́ọ̀gì tuntun, àsẹ́ tó mọ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì tó bá àsìkò mu, ẹ ṣe ìwọ̀nyí ná. Ọ̀pọ̀ agbára tẹ́ ẹ ń wá kiri, inú mọ́tò yín ló wà, ìdọ̀tí ló bò ó mọ́lẹ̀."

Ìyá Sípánà tú gbogbo iṣẹ́ Afẹ́fẹ́ kúrò. Ó dá táyà tó bá mọ́tò mu padà, ó fi sípíríìnì gidi sí i, ó pààrọ̀ gbogbo okùn bíréèkì. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Aránṣọ tó tún lè gba ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ tó máa gbà á, Tíṣà jókòó tì í. Aránṣọ ló ń wakọ̀, àmọ́ Tíṣà ló ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ mọ́tò, láti òkè títí dé ìsàlẹ̀, òógùn sì bò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, ẹ gbọ́ o. Kò burú kẹ́ ẹ fẹ́ kí mọ́tò yín sáré, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ó lè dúró. Owó yòówù tẹ́ ẹ bá ní, orí táyà àti bíréèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná an sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé sípíríìnì yín, ẹ má sì ra rímù tí kò bá ìwọ̀n ọkọ̀ yín mu nítorí pé ó ń dán. Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì mìíràn, tí kò tà á fún yín, yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá sì ní òun ń gbọ́ ohùn tó ṣàjèjì nínú mọ́tò, ẹ má fi rẹ́rìn-ín.

Tí bíréèkì bá rọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ibi tẹ́ ẹ ń lọ ò ní sá lọ.