Ohun Funfun Tí Alágbàfọ̀ Ń Fi sí I Lẹ́nu

Kíìn ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé máa ń ké ní ìdájí, gbogbo nǹkan á sì tún pa lọ́lọ́. Ẹni tó bá gbé ládùúgbò yẹn rí, ibi yòówù kí ayé gbé e lọ, etí rẹ̀ kò ní gbàgbé ìró náà. Káfíńtà ló ni ilé, òun ló ń kan ilẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀, kò ráyè tún un ṣe. Ta ní ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́? Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi ara wọn nìyẹn, lẹ́yìn tí Olùkọ́ kú.

Yàrá iwájú ni Olùkọ́ gbé. Wọ́n bá a lórí àga láàárọ̀ ọjọ́ kan, gègé lọ́wọ́, tíì rẹ̀ ti tutù lórí tábìlì. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, kò ṣàìsàn tẹ́nikẹ́ni mọ̀, kò sì ké. Ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín títí di ìrọ̀lẹ́ àná.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ká gbogbo ilé lára. Òun ló ń kọ́ Akàwésùn, ọmọ kan ṣoṣo tí Káfíńtà bí. Inagijẹ ọmọ náà ni Akàwésùn, nítorí láti kékeré ni ìwé ti máa ń bò ó lójú bó bá sùn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí ọmọ náà ń wá bí òun yóò ṣe wọ̀, ibi tí àìmọye èèyàn ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dọọdún, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba kékeré ni wọ́n ń ṣí i fún. Ó ti kọ̀wé sí wọn. Bó bá wọlé, orí ìran náà yọ nìyẹn. Bí kò bá wọlé, pákó rírẹ́ ń dúró dè é.

Àmọ́ ọdún kan sọnù nínú ìwé kíkà rẹ̀. Lọ́dún yẹn, ọmọ tó ń fi ìwé sùn kò sùn mọ́. Ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ojú kò rí. Bàbá rẹ̀ búra pé wọn kò ní kọ orúkọ ọmọ òun sílẹ̀ nílé ìwòsàn àwọn wèrè láéláé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nílùú kejì, kó lọ sinmi. Ọmọ dàrú lọ, ó pé bọ̀, ẹ̀gbọ́n sì tẹ̀ lé e wá, ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ó ń fọ aṣọ, ó ń lọ̀ ọ́ fún èèyàn. Wọ́n ń pè é ní Alágbàfọ̀. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀: ohun mẹ́ta tí ayé kì í dárí rẹ̀ ji obìnrin.

Aránṣọ, ìyàwó Káfíńtà, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú Olùkọ́, òun gbọ́ tí Alágbàfọ̀ ń jágbe mọ́ ọkùnrin náà ní yàrá iwájú. Ó ní òun gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kí òun lè gbọ́ dáadáa. Ohun tí òun gbọ́ ni pé, “Bó o bá ń bá a lọ báyìí, o ò ní rí ọjọ́ tí ọmọ yìí máa wọlé ìwé yẹn.”

Olùkọ́ kò sì rí i.

Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, orúkọ kan náà ni wọ́n ń fi pè. Pákó là lórí tábìlì, Alágbàfọ̀ ni. Oníbàárà kò padà wá gba àga, Alágbàfọ̀ ni. Ọmọ náà gan-an ń sanra láìjẹun púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó bá di ife mú, ìgbà gbogbo ni ẹnu rẹ̀ ń gbẹ. Ẹyẹ dúdú kan tún ń wá bà sórí páànù ibi tí obìnrin náà ti ń lọ aṣọ, ní gbogbo àṣálẹ́. Aránṣọ ní kí ọkọ òun wo ọrùn ẹyẹ náà dáadáa, ó jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Káfíńtà ní ọrùn ẹyẹ lòun rí. Ìyàwó ní ẹni tó ń wo ẹbí kì í rí ọrùn.

Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò tó ń tanná ààrò nígbà tí àwọn mìíràn ṣì ń sùn, ló wá mú ọ̀rọ̀ náà dé ojú ẹ̀. Ó kọ́kọ́ yá abẹ́rẹ́. Ó béèrè bí okùn ṣe wọ́n. Ó wá jókòó.

“Ìyá Akàwésùn, ojú mi rí nǹkan.”

“Kí lojú yín rí?”

“Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín níbẹ̀ yẹn, ní ìdájí. Ohun funfun kan ni Alágbàfọ̀ fi sí ọmọ yín lẹ́nu. Ọmọ gbé e mì. Ó ní kó la ẹnu, ó yẹ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ wò, ó mi orí.” Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò láṣọ. “Èmi ò pe ẹnikẹ́ni lájẹ̀ẹ́ o. Búrẹ́dì ni mò ń tà.”

Ta ni kò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àjẹ́ ni wọ́n bí i mọ́? Wọ́n máa ń fún ni jẹ ni. Obìnrin tí kò bímọ, tí ọjọ́ sì ń lọ lórí rẹ̀, ta ni yóò gbé tirẹ̀ lé lọ́wọ́ bí kò ṣe ọmọ àbúrò rẹ̀, olórí pípé, tó kù díẹ̀ kó wọ ibi ńlá?

Káfíńtà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ilé iṣẹ́, níwájú ìyàwó, níwájú ọmọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń fún ọmọ mi jẹ?”

Alágbàfọ̀ wo Akàwésùn. Akàwésùn wo ilẹ̀.

“Bi ọmọ rẹ,” ni ó sọ.

Ọmọ kò fọhùn. Àná ọjọ́ náà gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì ti sọ fún un pé àwọn yóò béèrè nípa ọdún tó sọnù. Bàbá rẹ̀ wá ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá ibòmíràn gbé.

Obìnrin náà kó irin ìlọṣọ rẹ̀ sínú garawa. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà. “Àbúrò mi, bí ọmọ yìí ò bá sùn mọ́, má fi ṣeré o.” Aránṣọ ní ẹ ò gbọ́, ó ti ṣépè.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá tú ibùsùn ọmọ, ó rí ìyókù ohun funfun náà nínú ìgò kékeré kan tí Alágbàfọ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó dà á sínú iná, ó dúró tì í títí ó fi jóná tán.

Oorun sì kúrò lójú Akàwésùn. Lákọ̀ọ́kọ́, inú wọn dùn, ìwé ló ń kà. Lẹ́yìn náà, ó ń kàwé fún ògiri. Aránṣọ ní àjẹ́ náà ṣì ń jẹ ẹ́ láti ọ̀nà jíjìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè. Ó jókòó sórí páànù ilé iṣẹ́, ó kọjú sí àwọn ẹyẹ, ó ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú gírámà tó já gaara. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún ìbéèrè yẹn béèrè.” Aránṣọ bú sẹ́kún. Káfíńtà gbé àkàbà, ó gòkè, ó jókòó tì í bí ẹni tí wọ́n jọ ń gbatẹ́gùn.

“Kí ni wọ́n ń bi ọ́?”

“Wọ́n ń béèrè ibi tí mo wà lọ́dún yẹn.”

“Níbo lo wà?”

“Ilé ìwòsàn, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n yín ló mú mi lọ. Oògùn ni ohun funfun yẹn. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún yín.”

“Olùkọ́ ńkọ́?”

“Àyà ń dun Olùkọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú. Ẹ̀gbọ́n yín ní kó lọ fi ara hàn dókítà, ó ní ó di ìgbà tí mo bá wọlé ìwé. Ohun tí wọ́n ń bá a jà lé lórí nìyẹn.”

Káfíńtà dì í mú sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́ tán. Ẹni tí àjẹ́ ń lò, ṣé kò ní gbè é lẹ́yìn ni?

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó mú ọmọ lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn náà. Wọ́n bá àwọn èèyàn lórí ìlà, kálukú pẹ̀lú ife omi: ọkùnrin tó wọ kóòtù, ìyá ọlọ́mọ, arúgbó kan tó ń dápàárá. Nọ́ọ̀sì ń fi ohun funfun kan sí wọn lẹ́nu. “Gbé e mì. La ẹnu. Gbé ahọ́n sókè.” Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, ó bọ́ sórí ẹni tó kàn.

Káfíńtà bọ́ fìlà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì rí ọmọ. “Akàwésùn, ìyá tó máa ń bá ọ wá dà?”

Káfíńtà ti ọmọ sórí ìlà, ó lọ wá ife omi fún un.

Wọ́n dá Akàwésùn dúró níbẹ̀, ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì kọjá lórí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá ẹ̀gbọ́n kiri títí ó fi rí i ní yàrá ìfọṣọ ilé ìtura kan, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alágbàfọ̀ lọ ọrùn ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó wò ó.

“Dìde, ilẹ̀ tutù. Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ń sùn?”

“Ó ti ń sùn.” Káfíńtà ní kó máa bọ̀ nílé.

“Ilé tí wọ́n ti ń wo ọwọ́ mi tí mo bá ń bu omi mu?” Ó mú ẹ̀wù mìíràn. “Mo ti gbọ́ ẹnu tìrẹ. Ẹnu ọmọ yẹn ni kò tíì sọ nǹkan kan.”

Nígbà tí Akàwésùn padà sílé, ọ̀rọ̀ kan ti wà lórí fóònù rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ní ẹni tí kò wá, tó bá ní ìdí, kó sọ ọ́ kí àwọn tó tilẹ̀kùn. Bàbá ní kó kọ ọ́ pé ibà ni. Ìyá, tí kò gbójú sókè láti ọjọ́ tó ti mọ ohun tí òun dáná sun, ní kó sọ pé wọ́n ń sin òkú. Akàwésùn kọ ibà, ó pa á rẹ́. Ó kọ òkú, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ó jókòó ti fóònù náà láàárín èérún pákó títí bàbá rẹ̀ fi sinmi ayùn. Ohun tó wá fi ránṣẹ́ sí wọn nìyí, òun kan náà ló sì fi ránṣẹ́ sí Alágbàfọ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni ẹ retí tí n kò wá. Àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe mí, ilé ìwòsàn ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ náà ni mo wà lọ́dún tí ẹ ò rí nínú ìwé mi. Mò ń lo oògùn, mo sì lè kàwé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń fún mi lóògùn náà láràárọ̀. Àwọn ará ilé wa pè wọ́n lájẹ̀ẹ́ níṣojú mi, mo sì dákẹ́, kí ẹ̀yin má baà mọ̀. Ẹ ti mọ̀ báyìí. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bi mí ní nǹkan, ẹ pè mí, màá wá.”