Fọ́tò Tí Mo Yà Pẹ̀lú Ìdérí

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni mo fẹ́ pa yìí, kí ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn fọ́tò náà wà nínú páálí bàtà lábẹ́ tábìlì, mo sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bísí lorúkọ mi, ayafọ́tò ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ìgbà tí kámẹ́rà bá ń purọ́.

Ernest ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi kámẹ́rà ya òkùnkùn. Òkè òkun ló wà, láàárín àwọn tó ń tọ́jú kámẹ́rà ńlá kan tí wọ́n fẹ́ gbé kọjá àwọsánmà kí ó lè máa ya ìràwọ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sún ọjọ́ ìgbéra rẹ̀ síwájú. Kámẹ́rà náà wà nílẹ̀, ó ń gbó. Nítorí náà, lóṣooṣù, wọ́n á fi ìdérí bo ojú rẹ̀ pinpin, wọ́n á wá fi ya òkùnkùn. Ohunkóhun tó bá rí nínú òkùnkùn yẹn, àbùkù ara rẹ̀ ni. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì máa yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo fọ́tò tó bá yà lẹ́yìn náà.

Ernest kọ ọ́ sí mi pé, “Tó bá ti gòkè, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní tó o mọ́. Ilẹ̀ níbí la ti gbọ́dọ̀ mọ irọ́ rẹ̀.”

Ó ní kí èmi náà máa ṣe é sí kámẹ́rà mi, ká jọ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà: ọjọ́ kìíní oṣù, aago méjìlá ọ̀sán tiwa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé ó ń fi mí ṣeré ni, ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ ń sọ mí, mo sì gbà.

Ní ọdún 1985 àti 1986, dúdú ni gbogbo fọ́tò náà. Igun òsì nìkan ló máa ń funfun díẹ̀, nítorí awọ kámẹ́rà mi ti sán níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń yọ́ wọlé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ní kí n ṣe. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1986, lẹ́tà Ernest kò wá mọ́. A kọ̀wé, a tẹ wáyà, kò sí èsì.

Ní oṣù kẹta ọdún 1987, àmì funfun kan yọ láàárín fọ́tò dúdú náà. Kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo nu kámẹ́rà, mo pààrọ̀ fíìmù, mo lẹ bébà dúdú mọ́ ìdérí. Lóṣù tó tẹ̀lé e, ó ti tó hóró ìrẹsì. Lóṣù karùn-ún, ó tó hóró àgbàdo.

Ohun mìíràn tún wà. Kúbúrátù aránṣọ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi láti àárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya òkùnkùn, ẹ̀rọ náà á dákẹ́. Ọkọ̀ ojú títì á dákẹ́. N kò ní gbọ́ nǹkan kan àfi èémí ara mi, títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò fi pé. Mo bi Kúbúrátù pé kí ló dé tó fi máa ń dáwọ́ dúró lọ́sàn-án. Ó ní òun kò dáwọ́ dúró rí, pé bí mo bá fẹ́ kí òun sinmi, kí n wá bá òun rán aṣọ ọdún tó kún ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, n kò sọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ní oṣù kẹjọ, Bàbá Albert, ẹ̀gbọ́n bàbá wa olóògbé, pe ẹbí jọ sílé wa ní Ayépé. Wọn kì í ṣe ìkà. Ẹkún ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n ní oṣù mẹ́wàá kì í ṣeré, pé ẹni tó bá wà láyé á ránṣẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kẹsàn-án fún ìsìn òkú Ernest. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á ṣí yàrá rẹ̀, wọ́n á sì pín ẹ̀wù rẹ̀. Màmá wa, Mọ́ṣádé, di ẹrù wọn. Oówo yọ sí wọn ní gìgísẹ̀ ọ̀tún, ńṣe ni wọ́n ń tiro tẹ̀lé mi wá sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, Màmá bá mi dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ló tú páálí bàtà náà. Mo ṣàlàyé, mo sì to àwọn fọ́tò náà sílẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Ti oṣù kẹjọ ti tó ojú kọ́bọ̀. Wọ́n wò ó pẹ́.

“Ó ń bọ̀,” ni Màmá wí.

Mo ní àbùkù kámẹ́rà ni.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?”

“Ernest ni, Màmá.”

“Ernest ti rí èyí?”

Mo mi orí. Màmá dìde, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà níwájú kámẹ́rà, wọ́n tún gèlè wọn ṣe. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lófìfo nítorí oówo.

“Ya òkùnkùn rẹ.”

“Ìdérí ló wà lójú rẹ̀, kò lè rí yín.”

“Mo mọ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ Kúbúrátù dákẹ́. Màmá tẹjú mọ́ ìdérí náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, bí èèyàn ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń wọlé bọ̀. Mo wo ẹ̀yìn mi, kò sí ẹnì kankan. Nígbà tí mo parí, ẹ̀rọ náà tún ń dún.

Mo wọ yàrá òkùnkùn lọ fọ ọ́. Dúdú ni. Àmì náà ti lọ. Mo ní bí Ernest ló ń bọ̀ lóòótọ́, ó ti lọ nìyẹn, èmi ni n ó sì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Mo jáde, mo na fọ́tò náà sí wọn, mo ń sunkún.

Màmá dá a padà fún mi. “Bí àlejò bá ti wọlé tán, ṣé wàá tún máa rí i lójú ọ̀nà ni?”

Bàbá Albert kò yí ìsìn padà. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ ni lẹ́tà kan dé. Ọwọ́ Ernest ni, ṣùgbọ́n ó wọ́, bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkọ. Àìsàn ojú ló gbé e dè ní ọsibítù, wọ́n sì fi aṣọ di ojú rẹ̀ méjèèjì. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a kọ̀wé, kí àyà Màmá má baà já. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú aṣọ náà ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé òun lọ síbi iṣẹ́, kí òun fọwọ́ ara òun ya òkùnkùn.

Fọ́tò tí kámẹ́rà wọn yà wà nínú àpòòwé náà. Dúdú ni, àfi àárín. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀. Obìnrin kan jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín. Igun òsì funfun díẹ̀, níbi tí awọ kámẹ́rà tèmi ti sán.

Ernest kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àbùkù ni, kí n yọ ọ́ kúrò. N kò yọ ọ́. Bísí, kí ló ṣe Màmá lẹ́sẹ̀?”

A gbé lẹ́tà náà lọ sí Ayépé. Bàbá Albert kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ti di ìdúpẹ́. Inú wa dùn débi pé a ń sunkún. Wọn kò bèèrè nǹkan kan nípa fọ́tò náà. Wọ́n kàn dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì.

Màmá ní kí n kọ ọ́ sí Ernest pé oówo ni, ó ti tú, ó ti ń jinná. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, wọ́n tún wá jókòó níwájú ìdérí náà. Bàtà méjèèjì ni wọ́n wọ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè díẹ̀, kí Ernest lè rí i dáadáa.